Dòdò Tí Ìyá Mi Dín fún Ọ̀gá Ìbàdàn

Bí ọkọ̀ bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ lóde òní, tó bá ti kọjá Aṣèjírè, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti máa fọwọ́ wá owó nínú àpò. Wọ́n mọ̀ pé Ìkirè ló kàn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé kí ló dé tí dòdò náà fi dúdú. Bí kò bá dúdú, wọn ò ní rà á. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi dòdò Ìkirè yangàn, nítorí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dín jù lójú tèmi sẹ́ ẹ níwájú gbogbo ìlú. Ìyá mi ni.

N kò sọ èyí láti fi bú u. Ẹni tó bá bú ìyá mi níṣojú mi yóò rí i pé ọjọ́ orí kò gba ìjà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀bá títì là ń gbé ní Ìkirè, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìkirè-Ilé. Kókò ni iṣẹ́ rẹ̀, kókò sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń dàgbà, kí òmìnira tó dé àti lẹ́yìn tó dé, kò sí ohun tuntun kan tó wọ ìlú tí bàbá mi kì í sọ pé kókò ló gbé e wá. Wọ́n da ọ̀dà sí títì, ó ní kókò ni. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa bọ̀ nílé ìwé láìsan kọ́bọ̀, ó ní kókò ni. Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, kókò ni. Àwọn ará àdúgbò ń ká koríko kúrò lórí ilé, wọ́n ń fi páànù rọ́pò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, a ò gbọ́ ohun tí ara wa ń sọ mọ́, bàbá mi á pariwo bá wa nínú ariwo òjò náà pé, "Ẹ gbọ́ ọ? Kókò ni!" Lọ́jọ́ kan tó ti Ìbàdàn dé, ó ní òun rí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ sókè, òun wò ó títí fìlà òun fi já bọ́ lórí. Ó ní owó kókò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, àti pé bóyá búlọ́ọ̀kù kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ tòun.

Ìyá mi á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Bàbá wọn, kókò tí ẹ ń wí yìí, ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí?"

"Ta ní ń jẹ kókò? Òyìnbó ló ń jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣeun. Tèmi, àwa náà là ń jẹ ẹ́."

Dòdò ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbin kókò tuntun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń gbìn sáàárín rẹ̀ kó lè máa ṣíji bò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á so ju ohun tí ilé kan lè jẹ lọ. Èyí tó bá pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ dú, tó rọ̀ débi pé bí o bá fọwọ́ kàn án, ìka rẹ á wọlé sínú rẹ̀, ìyẹn ni àwọn ará ibòmíràn ń dà fún ewúrẹ́. Ní Ìkirè, òun gan-an là ń wá. Ìyá mi á bó o, á rún un, á po ata gbígbẹ tó kúnná àti iyọ̀ mọ́ ọn, á wí pé "Bísímílà," á sì máa fọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú epo pupa tó ń hó. Ó máa ń dín in pẹ́. Bó bá fi jáde, ó ti dúdú, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ra. Ewé ló fi ń dì í. Bí o bá fi sẹ́nu, adùn ló kọ́kọ́ ń dé, ata á wá tẹ̀ lé e.

Títì ló ti ń tà á. Bọ́lẹ́kájà tó bá ń ti Ifẹ̀ bọ̀ tàbí tó ń ti Ìbàdàn lọ kì í dúró pẹ́ ní Ìkirè. Ọmọ ọkọ̀ á fọwọ́ lu pákó, ọkọ̀ á rọra dẹ ìrìn, àwọn obìnrin tó gbé àtẹ lórí á sì sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa nawọ́ ọjà sókè, wọ́n á máa gba owó lẹ́nu ìrìn. Ẹni tí kò bá lè sáré kò lè tajà. Ìyá mi sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó lóyún mi, ó sáré nígbà tó pọ̀n mí, ó sì ń sáré nígbà tí mo ti wà ní ìwé mẹ́fà tí orúnkún ti ń dùn ún. Ọkọ̀ ti gun ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ń ta àkàrà, lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo wa, obìnrin náà kò sì rìn dáadáa mọ́ títí tó fi kú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ àdúrà kan náà lẹ́nu ìyá mi lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kì í tọrọ ilé, kì í tọrọ aṣọ. "Ọlọ́hun Ọba, jẹ́ kí n jókòó tajà kí n tó kú."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira ni akódà kánsù lu agogo káàkiri ìlú. Ó ní ìjọba ń kọ́ ìsọ̀ tuntun sẹ́bàá títì, ìsọ̀ onísìmẹ́ǹtì, ìsọ̀ onípáànù, tí ọkọ̀ yóò ní ibi tí yóò yà sí níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa kárí. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, yóò wo ohun tí oníkálukú ń ṣe, èyí tó bá sì jẹ́ ti ìlú yìí gan-an, tí èrò ọkọ̀ kò lè rí rà níbòmíràn, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ní ìsọ̀. Ìyá mi ń gbá iwájú ilé nígbà tí akódà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní kí ọkùnrin náà tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Bí ohun kan bá wà tó jẹ́ ti Ìkirè, tí kò sí níbòmíràn, kí ni bí kì í bá ṣe dòdò? Bàbá mi tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ìyá Onísọ̀." Inú mi dùn débi pé mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì, mo sì ti yan èyí tó máa jẹ́ tiwa, èyí tó wà nídìí igi ọdán, nítorí ibẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ gan-an ló yí nǹkan padà. Ṣáájú òmìnira, òyìnbó kan ló máa ń wá wo iṣẹ́ títì. Ìyá mi kì í kà á sí. Ó tilẹ̀ tà fún un nígbà kan, bó ṣe ń tà fún gbogbo ènìyàn, nínú ewé. Ata mú òyìnbó náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́nu, ìyá mi sì fi rẹ́rìn-ín títí ọjà ọjọ́ náà fi tán. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti lọ. Ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó kàwé dé òkè òkun. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ èyí, ó jẹ́ kí a jẹun tán. Ó wá sọ fún bàbá mi pé òun kò ní gbé dòdò dúdú lọ.

"Kí lo máa wá gbé lọ?"

"Dòdò náà ni. Èyí tó mọ́."

Bàbá mi ní òun kò mọ̀ pé èyí tí a ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá dọ̀tí.

"Bàbá wọn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òyìnbó ni mo lè fún ní dúdú. Kò mọ̀ mí, n ò mọ̀ ọ́n. Bó bá yọ ṣùtì, ìlú wọn ló ń lọ. Ṣùgbọ́n eléyìí, ọmọ wa ni. Ṣé èmi ni màá wá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà síwájú ọmọ wa? Kó wá délé lọ máa sọ pé ohun tí àwọn ará Ìkirè ṣì ń jẹ nìyẹn lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira?"

"Kí lo rò pé òun náà jẹ dàgbà?"

"Ohun yòówù kó jẹ, kò jẹ ẹ́ wọ kóòtù."

"Àṣejù baba àṣetẹ́," ni bàbá mi wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí mọ́sálásí.

Ọjọ́ ọjà ni èmi àti ìyá mi gba Àpòmù lọ. Kò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, tó máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti dú jọ fún un sẹ́yìn ọjà, tí á gba ohunkóhun tí ìyá mi bá fún un lórí rẹ̀. Bó ṣe rí wa báyìí, ó ti ń na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tiyín ló wà níbẹ̀ yẹn, ó ti dú dáadáa."

"Rárá o," ni ìyá mi wí. "Èyí tó wà níwájú yìí ni mo fẹ́ lónìí."

Obìnrin náà wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó le, kò ní àbàwọ́n kankan. Ó wo ìyá mi.

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sí ẹni tó ń gbéyàwó."

"Àbí ara yín ni kò yá?"

"Ara mi yá. Ọ̀gá kan ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wò wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni obìnrin náà wí. "Kí ló wá kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìyẹn?"

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ iwájú náà. Ó yan èyí tó fẹ́, ó yan án bí ẹni ń yan aṣọ ọdún. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, obìnrin náà kó àwọn dúdú yẹn sínú apẹ̀rẹ̀ kan fún mi, ó ní èènì ni, pé kí òun má baà kó wọn dànù. Èmi ni mo rù wọ́n délé, omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn, mo sì ń bínú. Ìyá mi ní kí n gbé wọn sẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá máa dé, ìyá mi kò da epo pupa sínú agbada. Òróró ẹ̀pà ló rà. Kò fi ata sí i, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ kí nǹkan máa ta wọ́n lẹ́nu. Ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó sì dín in, kò jẹ́ kó dú rárá. Ó yá àwo tánńganran lọ́wọ́ ìyàwó tíṣà wa, ó yá fọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Nígbà tó to dòdò náà sínú àwo, ó lẹ́wà lóòótọ́. Mo mú ọ̀kan jẹ. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó tẹ̀ lé adùn náà. Mo kàn sọ fún un pé ó dùn, nítorí ojú rẹ̀ ń dán, ó sì ti wé gèlè tó máa ń wé lọ sí Yídì.

Iwájú kánsù la péjọ sí. Ìlú kún ibẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀gá náà dé, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, ọkùnrin kan tí kò sanra tó wọ kóòtù sì jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ fún àwọn àgbà tó jókòó, tòun ti kóòtù. Gbogbo ènìyàn hó yè. Ìyá mi fi ìgbúnwọ́ gún mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Ọmọ wa ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ó wo ẹní, ó wo aṣọ tí wọ́n hun, ó wo igbá tí wọ́n fín. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú ló ti pẹ́. Ìyá arúgbó kan ni, kò tilẹ̀ wẹ̀ wá. Bí ọṣẹ rẹ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ nínú ewé ló ṣe gbé e sílẹ̀. Ọ̀gá náà mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Irú èyí ni ìyá mi fi ń wẹ̀ mí, tí mo máa ń ké." Mo wo ìyá mi. Mo rò pé ohun tó rí yìí yóò yé e. Ó kàn rọra sọ sí mi létí pé ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ.

Nígbà tó kàn wá, ìyá mi kúnlẹ̀, ó na àwo sí i. Ọ̀gá náà lo fọ́ọ̀kì. Ó jẹ ọ̀kan, ó tún jẹ ìkejì.

"Ó dùn, màmá. Irú èyí gan-an ni ìyàwó mi máa ń dín nílé."

Inú ìyá mi dùn débi pé ó yíjú padà wò mí. Mo ṣì ń rí ojú yẹn títí di òní. Lójú tirẹ̀, kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ, kí dòdò tòun dà bíi dòdò ilé ọ̀gá ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tíì lọ. Ó wo ẹ̀yìn ìyá mi, ó wo ilẹ̀, ó ń wá nǹkan. "Àwọn dẹ́rẹ́bà máa ń sọ fún mi nípa dòdò kan ní Ìkirè níbí. Wọ́n ní ó dúdú, ata rẹ̀ ń ta. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣe é?"

Gbogbo ojú yí sí ìyá mi. Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀ tí kò jẹ dòdò dúdú ìyá mi rí. Baba tó jókòó ní iwájú pátápátá ti jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Mo rí bàbá mi láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń mi orí sí i pé kó sọ pé òun ni.

"Ìyẹn?" ni ìyá mi wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Áà, ọ̀gá. Ìyẹn ti pẹ́. Ìgbà òyìnbó la ń jẹ ìyẹn. A ti kúrò níbẹ̀."

Ta ni yóò já obìnrin nírọ́ lójú àlejò? Ọ̀gá náà ní, "Ó mà ṣe o," ó rọra dá fọ́ọ̀kì padà sínú àwo, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó rí ìsọ̀ gbà, wọ́n pe ẹlẹ́ní, wọ́n pe ahunṣọ, wọ́n pe ẹni tó ń fín igbá. Ìyá ọlọ́ṣẹ dúdú ni wọ́n fún ní ìdí igi ọdán. Wọn kò pe ìyá mi. Ọ̀gá náà wọ ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Àpòmù lọ láti lọ wo tiwọn, ó sì di ọjọ́ kejì kó tó padà sí Ìbàdàn.

A délé. Ìyá mi fọ àwo onítánńganran yẹn, ó nù ún, ó tún un fọ̀. "Ó ní ìyàwó òun máa ń dín irú rẹ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti yé e. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Inú sì bí mi, kí n má purọ́: mo gbàdúrà pé kí táyà ọ̀gá náà jò lọ́nà Àpòmù, kí òjò pa á, kí kóòtù rẹ̀ gbó. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, n kò mọ̀ bóyá màá yọwọ́ nínú àdúrà náà.

Mo retí kí bàbá mi sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, èmi ni màá bá a jà. Ó kírun alásárì tán, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú yẹn wá sí iwájú ìyá mi. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń yọ kókò lóko, ó jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. N kò rí kí bàbá mi ṣe iṣẹ́ ìdáná rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kò mọ̀ ọ́n bó, ìdajì rẹ̀ ló ń bá èèpo lọ. Ìyá mi wò ó títí, nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ gbé e wá, ẹ ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ṣòfò," ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da epo pupa sínú agbada. Ata tó fi sí i lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo ilé ń wúkọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àtẹ rẹ̀ jáde sí títì bó ṣe ń ṣe. Mo bá a lọ, nítorí kò sí ilé ìwé. A kò tíì tà púpọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan yọ láti ọ̀nà Àpòmù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó dúró. Dẹ́rẹ́bà ló sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá mi, oníbàárà rẹ̀ ni láti ìgbà tó ń wa bọ́lẹ́kájà. Ó ra ewé kan. Bó ṣe tú u báyìí, òórùn rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ, ọ̀gá náà sì na ọwọ́ láti ẹ̀yìn pé kí ó fún òun wò.

Ó fọwọ́ jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó fa atẹ́gùn sẹ́nu, ó sì tún jẹ òmíràn. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó jáde, ó wò wá. Ó mọ̀ wá.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò gbé e wá lánàá?"

Ìyá mi sọ àtẹ kalẹ̀ láti orí kí ó lè dá a lóhùn dáadáa. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Mo rò pé ẹ ti tóbi ju èyí lọ ni."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Epo wà ní ìka rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò nù ún sí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti pín àwọn ìsọ̀ náà tán, òun ti fọwọ́ sí i, àti pé òun kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti fún níwájú ìlú. Ìyá mi ní òun mọ̀, àti pé bó bá gbà á lọ́wọ́ wọn, òun kò ní jókòó níbẹ̀. Ọ̀gá náà wá ní kó jẹ́ kí òun ra gbogbo àtẹ náà, kí òun gbé e dé Ìbàdàn, kí àwọn ọ̀gá òun tọ́ ọ wò. Ó ti ń fa owó yọ. Mo wo ìyá mi. Bó bá tà á, a ti tajà tán kí oòrùn tó mú, a lè máa lọ sílé, kó lọ na orúnkún rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá mi mú ewé méjì fún un, ó gba owó ewé méjì.

"Àwọn tó ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí ń bọ̀ lọ́nà," ni ó wí. "Mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé kò sí. N ò lè tún un sọ."

Ó bù fún dẹ́rẹ́bà lọ́fẹ̀ẹ́, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ ọ̀gá náà kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ bọ́lẹ́kájà kan tó ń ti Ifẹ̀ bọ̀, ọmọ ọkọ̀ ń lu pákó. Ìyá mi gbé àtẹ karí, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.